Abẹ́rẹ́ Tí Mo Fi Pamọ́ fún Àwọn Ará Ògèrè

Ohun tí mo fi pamọ́ fún àwọn ará ilé nígbà tí mo dé Ìlú Ọba kì í ṣe obìnrin, kì í sì í ṣe sìgá. Abẹ́rẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ kékeré tí kò mú lẹ́nu, àti òwú oríṣiríṣi àwọ̀ tí mo ká sínú agolo bisikí. Bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù aláwòrán, màá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ti agolo náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó gbé e. Èmi, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, tí mo wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọdún mọ́kàndínlógún, tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi ní Ògèrè ń pè ní Kìnnìún Márosẹ̀! Kìnnìún wá jókòó, ó ń fi òwú ṣe òdòdó.

Bí mo ṣe débẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìtàn ìwé àti òǹtẹ̀ ni, kò dùn-ún gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde, mò ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé bí a ti ń ṣe nílé. Ọkùnrin kan yọ ohun tó kì bọ etí, ó wò mí, ó tún kì í padà. Obìnrin kan sọdá sí òdìkejì títì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi náà ti ń wolẹ̀ rìn bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi iṣẹ́ mi ni ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Èmi ni mò ń nu ilẹ̀, èmi ni mò ń ti àwọn tí kò lè rìn lórí àga onítáyà lọ síbi oúnjẹ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, aago iná ké. Wọ́n kàn ń dán an wò ni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi, mo ti wà lójú títì, mo gbé igi ìnulẹ̀ dání bí ìbọn. Arúgbó kan tó jókòó lójú fèrèsé rí mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́. Òun ni Màmá Dórótì. Àwọn yòókù ń pè é ní Dórótì lásán, ẹnu tèmi kò gbà á. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ló ṣe nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ní báyìí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ kan tí mò ń gbá yàrá rẹ̀, ó na abẹ́rẹ́ sí mi. Mo bá a fi òwú bọ ọ́. Ó tún na òmíràn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ní, “Ojú rẹ ríran, ọwọ́ rẹ ò gbọ̀n, ẹnu rẹ ò sì pọ̀. Jókòó.”

Mo ní, “Mà, ọkùnrin ni mí.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Mo ti rí i. Jókòó.”

Iṣẹ́ náà kò le lójú. Aṣọ kan ni, tí wọ́n hun tí ihò wínníwínní fi wà lára rẹ̀ bí ojú asẹ́. Èèyàn á fa òwú láti igun kan sí igun kejì, á tún fa òmíràn dábùú rẹ̀, á di àgbélébùú kékeré kan. Ojú kan nìyẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ojú bẹ́ẹ̀ ló ń para pọ̀ di àwòrán. Bébà onílà kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, òun ni yóò máa pàṣẹ fún ọ: pupa mẹ́ta níbí, fo márùn-ún, àwọ̀ ewé méjì níbẹ̀. Kò gba ìwé púpọ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó bá mi lára mu, torí ìwé mẹ́fà náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má kà á tán.

Ó fún mi ní pẹ́pẹ́yẹ láti fi bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe é fún oṣù kan gbáko. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ó jáde bí àkùkọ tó gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì láìfẹnu kan omi. Gbogbo ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.

Màmá Dórótì yí i sókè, yí i sódò. “Kà fún mi kí n gbọ́ bí o ṣe ń kà á.”

Bébà ní kí n fo ojú márùn-ún. Mo fi abẹ́rẹ́ lé orí ojú tí mo rán kẹ́yìn, mo ní, “Ọ̀kan.”

“Dúró níbẹ̀. Èyí tí o ti rán, kí ló dé tí o tún ń kà á?”

“Ibẹ̀ ni mo wà, Mà. Ibi tí èèyàn bá wà ló ti ń bẹ̀rẹ̀.”

Mo ṣàlàyé ọjà wa fún un. Ọjà ọlọ́rọọrún ni. Bí wọ́n bá ná an lónìí, òní fúnra rẹ̀ ni ọ̀kan, ọ̀la ni méjì, ọ̀túnla ni mẹ́ta, títí yóò fi pé márùn-ún, tí ọjà yóò tún kò. Bí ìyá mi ṣe ń kà á nìyẹn, bí ìyá tirẹ̀ náà ṣe kà á nìyẹn, ọjà ò sì tàsé rí. Àṣé gbogbo ibi tí bébà ti ní márùn-ún, mẹ́rin ni mò ń fò. Bí pẹ́pẹ́yẹ mi ṣe rù nìyẹn.

Obìnrin náà gbọ́ mi tán, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kò sí ọjà lórí aṣọ yìí. Ibi tí ò ń lọ ni kí o kà. Fi ibi tí o wà sílẹ̀.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ bọ́ọ̀sì, mo gbé e délé. Ó rọrùn fún un láti sọ. Ibi tó wà ni wọ́n bí i sí. Èmi, bí mo bá fi ibi tí mo wà sílẹ̀ láìkà á, kí ló kù? Yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri ẹlòmíràn. Ibi tí mò ń lọ ńkọ́? Mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi ti ń sanra.

*

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé, lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀rọ̀ wa kì í yí padà. Ṣé mò ń jẹun? Ṣé òtútù ò mú mi? Ìgbà wo ni mò ń bọ̀? Bí mo bá bèèrè nǹkan kan nípa ilé, ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Lékan, á ní, “Má ṣe ìyọnu, a wà ńbẹ̀.” Ẹni tó bá wà ńbẹ̀ ló ní ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tó lọ, ohùn rẹ̀ á máa dé, ṣùgbọ́n wọn á kàn máa kí ohùn náà ni, wọn ò ní bi í léèrè nǹkan kan.

Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n pinnu láti fi òwú ya ilé wa. Ilé alámọ̀ baba wa ni, ní àárín Ògèrè àtijọ́, òpó méjì ní fàráńdà, ilẹ̀kùn láàárín. Yàrá Ìyá wà ní apá òsì, ti Tọ́pẹ́ wà ní apá ọ̀tún. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni Tọ́pẹ́, òun ló ń bá Ìyá gbé. Bọ̀ọ̀dá Lékan ti kọ́ ilé tirẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú, ṣùgbọ́n òun ló ń bójú tó ilé ẹbí. Ní èṣí, ó rẹ́ ògiri amọ̀ náà ní sìmẹ́ńtì, ó sì fi ọ̀dà tó pọ́n bí ẹyin adìẹ kùn ún. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ayé.

Mo ní kí Tọ́pẹ́ ya ilé náà fún mi nígbà ọyẹ́. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Màmá Dórótì yá mi ní ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fa ilà sí, pé kí n tẹ́ ẹ lé àwòrán náà lórí kí n máa ka ojú. Mo ṣe ìsàlẹ̀ ilé, mo ṣe òpó méjèèjì, mo ṣe ilẹ̀kùn. Oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo fẹ́ bọ́ sókè ni mo rí i pé Tọ́pẹ́ ti gé òrùlé kúrò nínú àwòrán.

Mo pè é. “Tọ́pẹ́, jọ̀ọ́, ya ilé yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí òrùlé wọlé.”

“Ọ́ńkù, ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?”

“Rárá o. Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí.”

“Àárò òrùlé páànù, Ọ́ńkù?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ kí òjò dá ná. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà tó ti ń rọ̀.”

Àwòrán kejì dé. Mo tẹ́ ike lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ògiri Ìyá lọ sókè, láti ìsàlẹ̀ tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ibi òrùlé, igun ògiri náà ti fi ojú méjì yẹ̀ sí inú. Mo wò ó. Mo ní, ọlọ́jà, o tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo tú u. Mo tún un kà, mo tún un rán. Ojú méjì. Mo tú u lẹ́ẹ̀kejì, mo bú ara mi, mo bú olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìṣirò. Ojú méjì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mi ò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Mo di aṣọ náà àti àwòrán méjèèjì sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Màmá Dórótì fi pẹ́ńsù rẹ̀ tó ń gbọ̀n ka òpó kìíní nínú àwòrán méjèèjì. Ó dọ́gba. Ó ka òpó kejì. Ó dọ́gba. Ó ka ilẹ̀kùn. Ó wá ka igun apá òsì nínú àwòrán ọyẹ́: ó dúró ṣánṣán. Ó kà á nínú àwòrán òjò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó sinmi, ó tún un kà. Tíì rẹ̀ tutù síbẹ̀.

Ó ní, “Kíkà rẹ tọ̀nà. Ilé yẹn ni kò tọ̀nà.”

Ó fi pẹ́ńsù kan igun náà.

“Ta ló ń sùn lẹ́yìn ògiri yìí?”

“Ìyá mi,” ni mo wí. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kan ògiri náà gan-an.

*

Ó yẹ kí n pe ẹ̀gbọ́n mi lójú ẹsẹ̀ kí n ní, “Bọ̀ọ̀dá, mò ń fi abẹ́rẹ́ ya ilé wa, mo sì rí i pé ògiri ti ń yẹ̀.” Kí ni mo ṣe? Mo lọ sínú ilé ìgbẹ́, mo ronú bí n ó ṣe sọ ọ́ kí wọ́n má baà mọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Kìnnìún! Ògiri fẹ́ wó lu ìyá mi, ẹ̀rín àwọn awakọ̀ ni mò ń sá fún.

Mo pè é. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé Ìyá kúrò nínú yàrá yẹn. Mo lá àlá kan. Mo rí i tí ògiri wó.”

“Ògiri wo?”

“Ti apá òsì.”

“Èyí tí mo rẹ́ ní sìmẹ́ńtì? Ìwọ ọmọ yìí, sìmẹ́ńtì wo lo ti pò rí? Kò sí ilà kan báyìí lára ògiri yẹn. Mo débẹ̀ lánàá.”

“Mo mọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Àlá yẹn ló…”

“Kò burú. A ò ní fojú di àlá. Màá sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ojú mi wálẹ̀. Mo rò pé ó ti gbọ́. Ní Ọjọ́rú, ní àsìkò ìsinmi mi, Tọ́pẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé: “Ọ́ńkù, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹgbẹ́ Aládùúrà ti ń bọ̀ láago márùn-ún. Inú yàrá Màmá gan-an ni wọ́n ti fẹ́ gba àdúrà lé ọ̀rọ̀ àlá yín.”

Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi tí mo fẹ́ gbé ẹnì kan jáde kúrò lábẹ́ ògiri, mo ti kó ogunlọ́gọ̀ wọ ibẹ̀.

Mo pè. Fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo tún pè. Mo sáré wọ yàrá Màmá Dórótì, níbi tí ọ̀rá aṣọ náà wà. Ó jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń wò mí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà ni Tọ́pẹ́ gbé e, ó gbé fóònù sókè kí n lè rí gbogbo wọn. Orin ni wọ́n ń kọ. Ìyá jókòó sórí àga rẹ̀. Obìnrin mẹ́rin wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mẹ́ta lórí ẹní, Bọ̀ọ̀dá Lékan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan lára àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀, ẹni ńlá, ti fẹ̀yìn ti ògiri náà pátápátá. Mò ń gbọ́ òjò lórí páànù.

Mo pariwo, “Ẹ jáde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde níbẹ̀!”

Orin dúró. Bọ̀ọ̀dá gba fóònù. “Kí ló dé? Ṣé àlá ni lẹ́ẹ̀kan sí i?”

“Kì í ṣe àlá, Bọ̀ọ̀dá. Irọ́ ni mo pa. Mi ò lá nǹkan kan.”

“O pa irọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì?”

Mo fa aṣọ yọ nínú ọ̀rá, mo gbé e sójú fóònù. Ilé wa nìyẹn, òpó, ilẹ̀kùn, ọ̀dà ẹyin adìẹ, gbogbo rẹ̀ òwú. Mo ní, “Èmi ni mo ṣe é. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ṣe é. Ojú kọ̀ọ̀kan ni mò ń kà láti ara àwòrán tí Tọ́pẹ́ yà. Nígbà ọyẹ́ ògiri yẹn dúró. Ní báyìí òkè rẹ̀ ti yẹ̀ sínú. Òpó ò yẹ̀, ilẹ̀kùn ò yẹ̀. Òun nìkan ló yẹ̀.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lórí ẹní, òmíràn gbà á. “Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo Kìnnìún! Ó ti di ìyá aláṣọ!” Ìyá Ìjọ rẹ́rìn-ín títí gbogbo ara rẹ̀ fi ń mì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lára ògiri. Mò ń wo ẹ̀yìn yẹn. Ohun tí mo ti ń sá fún láti ọdún méjì dé tán, mi ò tilẹ̀ ráyè tijú.

“Ìwọ wà ní Ìlú Ọba,” ni Bọ̀ọ̀dá wí, ohùn rẹ̀ ti le, “ò ń fi òwú wọn ògiri tí mo fi ọwọ́ mi kàn? Ṣé àwa tí a wà ńbẹ̀ fọ́jú ni?”

“Ẹ ò fọ́jú, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ń rí i lójoojúmọ́ ni.”

Ìyá sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀. “Gbé ẹ̀rọ yẹn fún mi.” Ojú rẹ̀ kún inú fóònù. “Ṣé ìwọ lo kà á?”

“Èmi ni, Ìyá.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo tú u, mo tún un kà.”

Ó yíjú sí àwọn obìnrin náà. “Èmi ni mo bí èyí. Ní kékeré, kò lè ka ìgò epo mẹ́wàá fún mi kó má sá lọ wo ọkọ̀ lójú títì. Bí òun bá wá jókòó sójú kan, tó ka nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹ gbé mi dìde. Ìyá Ìjọ, ẹ dìde níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ parí àdúrà náà ní yàrá Tọ́pẹ́.”

Mo wò wọ́n títí ẹni ìkẹyìn fi jáde. Bọ̀ọ̀dá Lékan ni ẹni ìkẹyìn náà, kò sì wo ojú fóònù.

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e, Tọ́pẹ́ ló sọ ọ́ fún mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ̀ọ̀dá lọ mú bíríkìlà wá kí ó lè fi hàn pé òpùrọ́ ni mí. Bíríkìlà so irin mọ́ ìdí okùn, ó sọ ọ́ kalẹ̀ láti òkè ògiri nínú yàrá. Nígbà tí okùn dúró, àlàfo tó wà láàárín irin àti ẹsẹ̀ ògiri gba àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ó bọ́ síta, ó fi òòlù kan sìmẹ́ńtì ẹsẹ̀ ògiri náà. Ó bọ́ bí èèpo ẹyin, amọ̀ inú rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ ògì. Sìmẹ́ńtì tó dán yẹn ló há omi mọ́ ọn nínú. Bíríkìlà ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn, ó rán ẹnì kan lọ wá igi tí wọn yóò fi tì í. Igi kò tíì dé tí ògiri fi dùbúlẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, sórí bẹ́ẹ̀dì Ìyá. Kò pa ẹnikẹ́ni lára.

“Bọ̀ọ̀dá ńkọ́?” ni mo bi í.

“Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níta, Ọ́ńkù. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀.”

Ọjọ́ méjì kọjá. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń bọ̀. Orúkọ tuntun ti dé ọ̀dọ̀ mi láti gáréèjì, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo rò ó pé ẹ̀gbọ́n mi kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, torí mo ti dójú tì í láàárín àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àgbà kì í sì í gbé irú rẹ̀ mì kíákíá. Mo sọ fún ara mi pé kò burú, Ìyá ṣáà wà láàyè. Irọ́ ni. Ó ń dùn mí.

Ní ọ̀sán Sátidé, fóònù dún. Òun ni.

“Ẹ káàsán, Bọ̀ọ̀dá.”

Mò ń gbọ́ tí wọ́n ń kó amọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó húkọ́.

“Apá ọ̀tún ńkọ́?”

“Apá ọ̀tún kí ni, sà?”

“Apá ọ̀tún ilé. Yàrá tí Ìyá wà báyìí. Ṣé o ti kà á?”

“Mi ò tíì débẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ṣé bíríkìlà ò wò ó ni?”

“Ó wò ó. Ó ní ó dúró dáadáa.” Ó tún húkọ́. “Mo fẹ́ gbọ́ tìrẹ.”

Mo fa agolo jáde, mo da gbogbo òwú sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé àwòrán méjèèjì lọ sójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo ní, “Ó máa pẹ́ díẹ̀ o, sà. Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà.”

“Rárá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Máa kà. Mi ò ní pa fóònù.”